Bí ẹ ṣe máa fi mesh kún mọ́dẹ́ẹ̀mù tó ti wà nílé yín kí Wi-Fi lè dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Tí Wi-Fi yín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní pálọ̀ nísàlẹ̀, tó sì ń kú kí ẹ tó dé yàrá òkè, ẹ má tíì pe ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ má sì tíì fi kún owó tí ẹ ń san lóṣù. Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo dẹ́kìn ilé yín. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6 tàbí 9 la fi ń mọ ògiri níbí, kọnkéré tí irin hun nínú bí apẹ̀rẹ̀ la sì fi ń da dẹ́kìn. Irin àti kọnkéré yẹn ló ń gbé Wi-Fi yín mì. Ọ̀pọ̀ fídíò tó ń kọ́ni nípa mesh (àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a ń tò káàkiri ilé kí wọ́n jọ gbé Wi-Fi kan náà dé gbogbo yàrá), ilé onípákó ni wọ́n ti ṣe é lókè òkun, níbi tí ògiri ti fúyẹ́. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa iye ẹ̀rọ tí ẹ máa rà àti ibi tí ẹ máa gbé e sí kò bá ilé tiwa mu.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, wáyà iná àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé kan tí mo ṣe ní Àkóbọ̀ ni màá fi ṣàlàyé, torí irú ẹ̀ pọ̀ láàárín wa: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní fáíbà gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ wọlé, mọ́dẹ́ẹ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀ torí ibẹ̀ ló rọrùn fún àwọn tó wá fà á. Màmá tó ni ilé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òkè ni yàrá wọn wà. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà máa ń pè wọ́n lórí fídíò ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn kò sì ní tíì kíra tán tí àwòrán á fi dúró gbagidi. Màmá bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé dátà wa ni kò tó?” Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná.”

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó

Ẹ mú fóònù yín, ẹ pa dátà orí SIM, kó jẹ́ Wi-Fi nìkan ló ń lò. Ẹ dúró sí tòsí mọ́dẹ́ẹ̀mù gan-an, kí ẹ ṣí fast.com tàbí áàpù Speedtest. Tí mọ́dẹ́ẹ̀mù yín bá ní orúkọ Wi-Fi méjì, tí ọ̀kan ní 5G tàbí 5GHz nídìí, èyíinì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, torí èkejì, tó jẹ́ 2.4 GHz, kì í sáré tó o. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gòkè lọ sí yàrá tó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ti ilẹ̀kùn bí ẹ ṣe máa ń tì í, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀ náà.

Nílé Màmá, 50 Mbps ni wọ́n ń san owó ẹ̀ (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sáré tó). Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, 47 la rí. Lórí bẹ́ẹ̀dì wọn lókè, 2 la rí. Ìdáhùn sí ìbéèrè wọn nìyẹn: dátà tó, kò kàn dé òkè ni. Ká ní 6 la rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù ni, ǹ bá sọ fún wọn pé kí wọ́n má ra mesh rárá. Ohun tó bá wọlé ni mesh ń pín kiri, kò lè mú un pọ̀ sí i. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí mo ti rí àwọn tó ra ẹ̀rọ mẹ́ta olówó ńlá sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò dá a, owó yẹn sì ń dùn mí bíi pé èmi ni mo san án.

Ẹ̀rọ wo, mélòó?

Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́dẹ́ẹ̀mù yín ná. Ó yẹ kí ẹ rí ihò tí wọ́n kọ LAN sí, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣófo, torí ibẹ̀ ni mesh máa wọ̀. Lára àwọn mọ́dẹ́ẹ̀mù fáíbà kan, LAN1 nìkan ló ń gba 1 Gbps (ìyẹn 1,000 Mbps), àwọn yòókù kò ju 100 Mbps lọ, nítorí náà LAN1 ni kí ẹ lò tó bá ṣófo. Tó bá jẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù oní-SIM ti 4G tàbí 5G lẹ ní, ọ̀nà kan náà ni. Tiyín tilẹ̀ tún ní àǹfààní kan: níwọ̀n ìgbà tí mesh bá ti ń gbé Wi-Fi kiri ilé, mọ́dẹ́ẹ̀mù lè kúrò ní pálọ̀ kó lọ sí ojú fèrèsé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti le jù, ì báà jẹ́ yàrá ẹ̀yìn lókè. Ní ti Starlink, ráútà Gen 3 ní ihò LAN méjì, ṣùgbọ́n Gen 2 kò ní, àfi kí ẹ ra Ethernet Adapter tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀.

Fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́rin, ẹ̀rọ méjì tó, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ̀kẹta wà fún ẹni tó ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé. Ẹ má fọkàn tán iye ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n kọ sára páálí. Ibi tí kò sí ògiri kọnkéré ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Ẹ má sì ra mẹ́rin, márùn-ún pé kí ó ṣáà pọ̀, torí tí wọ́n bá ti sún mọ́ra jù, wọn á máa dí ara wọn lọ́wọ́, fóònù náà ò ní mọ èyí tó yẹ kó dì mú.

TP-Link Deco M4 la rà fún Màmá, oní-méjì nínú páálí kan. Wi-Fi 5 ni, ìyẹn ìran Wi-Fi tó ṣáájú Wi-Fi 6, ó sì tó fún 50 Mbps dáadáa. Ẹni tó bá ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì tó ju 200 Mbps lọ, kó wo Deco X20 tàbí irú rẹ̀ tó jẹ́ Wi-Fi 6. Ẹ ṣọ́ra fún Deco E4: ó jọ M4 lójú, ṣùgbọ́n ihò wáyà rẹ̀ kò gbà ju 100 Mbps lọ.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, nǹkan méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò níwájú ẹni tó ń tà á. Àkọ́kọ́, ẹ ka ara adápítọ̀ rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 100-240V síbi INPUT, kò séwu. Tó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan, iná wa máa jó o. Ìkejì, tó bá jẹ́ eero (irú mesh mìíràn), ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbà fún yín láti lò ó. Ẹ ní kí wọ́n bá yín tàn án níṣọ̀ọ̀bù, kí ẹ rí i kó wọ orí áàpù yín kí ẹ tó sanwó.

Ta ni yóò máa pín nọ́ńbà?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Mọ́dẹ́ẹ̀mù tó wà nílé yín kì í ṣe mọ́dẹ́ẹ̀mù lásán, ráútà wà nínú rẹ̀. Òun ló ń fún gbogbo fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, bíi 192.168.100.5 tàbí 192.168.1.7. Mesh tí ẹ rà náà, ráútà ni, ó sì fẹ́ máa pín nọ́ńbà tirẹ̀. Deco fẹ́ràn 192.168.68. Tí ẹ bá kàn so ó mọ́ra tí ẹ sì lọ sùn, ọ̀gá méjì ló wà nínú ilé yẹn. WhatsApp á ṣiṣẹ́, YouTube á ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta géèmù orí ayélujára, tàbí tí ẹ bá fẹ́ wo kámẹ́rà géètì láti ibi iṣẹ́, tàbí tí fóònù tó wà lórí mesh ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí mọ́dẹ́ẹ̀mù tí kò rí i, ìgbà yẹn ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá kan ṣoṣo ni kí ó wà. Ọ̀nà méjì ló sì wà. Àkọ́kọ́ ni kí mọ́dẹ́ẹ̀mù máa pín nọ́ńbà lọ bó ṣe ń ṣe é, kí mesh kàn máa gbé Wi-Fi kiri. Access Point ni wọ́n ń pe ètò yẹn nínú áàpù. Ìkejì ni kí mesh di ọ̀gá, kí wọ́n sọ mọ́dẹ́ẹ̀mù di afárá lásán, èyí tí wọ́n ń pè ní Bridge, tàbí Bypass lórí Starlink.

Èmi máa ń mú ti àkọ́kọ́ fún ilé tó pọ̀ jù. Ìdí ni pé ní ti fáíbà, ilé iṣẹ́ tó fà á ló sábà máa ń ní kọ́kọ́rọ́ sẹ́tíìnsì inú mọ́dẹ́ẹ̀mù, orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí mọ́dẹ́ẹ̀mù fi ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn (PPPoE) wà lọ́wọ́ wọn, ẹ ò sì lè sọ ọ́ di Bridge àfi tí wọ́n bá bá yín ṣe é. Access Point kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì ní kí wọ́n wá ṣàtúnṣe mọ́dẹ́ẹ̀mù lọ́jọ́ iwájú, mesh yín kò ní yí padà.

Ohun tí ẹ máa pàdánù ni àwọn ètò tó nílò kí mesh jẹ́ ọ̀gá: dídí ojú ìwé kan mọ́ àwọn ọmọ, títi íntánẹ́ẹ̀tì wọn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, àti yíyan ẹ̀rọ tó máa gba ipò iwájú. Tí ẹ bá ní àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹ sì fẹ́ ètò yẹn gan-an, ẹ pe ilé iṣẹ́ yín kí wọ́n sọ mọ́dẹ́ẹ̀mù di Bridge, kí ẹ wá fi mesh sí Router. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òbí tó mọ ohun tó ń wá.

Google Nest Wifi yàtọ̀ ní tirẹ̀. Tó bá ti ju ẹyọ kan lọ, ẹyọ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ráútà, kò gbà kí ẹ fi í sí Bridge kí àwọn yòókù sì tún máa bá a ṣiṣẹ́ láìlo wáyà. Ìdí kan nìyí tí mo fi ń mú Deco tàbí eero fún ẹni tí kò lè fọwọ́ kan mọ́dẹ́ẹ̀mù rẹ̀.

Wáyà tó máa gun òkè

Àwọn tó ń ta mesh fẹ́ràn láti máa sọ pé kò sí wáyà. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ méjèèjì lè bára wọn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan náà tí wọ́n fi ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀ ni, lára àwọn ẹ̀rọ tí owó wọn mọ níwọ̀n, nítorí náà iyára máa ń dín kù tó ìdajì nígbà míì, kí a tó mẹ́nu kan dẹ́kìn rárá. Tí ọ̀nà kankan bá wà láti fa wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ fà á. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6 á gbé 1 Gbps dé mítà 100, kò sì sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiwa tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ògiri mi ńkọ́?” Màmá ti rò pé màá dá ihò sí ara ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọ̀nà tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni páìpù wáyà díìṣì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti ní páìpù tí wáyà díìṣì gbà láti orí òrùlé, gba òkè, wá sí ìdí tẹlifíṣọ̀n nísàlẹ̀, ibi tí mọ́dẹ́ẹ̀mù wà gẹ́lẹ́. Tí àyè bá ṣì wà nínú rẹ̀, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì á gba ibẹ̀ kọjá. Tí ẹ ò bá lo díìṣì mọ́, ó tún rọrùn sí i: ẹ so Cat6 mọ́ ìdí wáyà díìṣì àtijọ́, ẹ fi téèpù wé e kó mọ́lẹ̀, kí ẹnìkan máa fà á lókè, kí ẹnìkejì máa tì í díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ti Màmá ṣe gòkè nìyẹn, ó yọ lójú ihò kékeré tó wà lára ògiri kọ́rídọ̀ òkè, a ò fọwọ́ kan ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná. Ewu ni fún ẹ̀rọ, ewu ni fún èèyàn.

Ẹ wo irú wáyà tí wọ́n ń tà fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó pọ̀ ní ọjà Queen Cinema n'Íbàdàn, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà tínínrín bò. Ẹ mú bíléèdì, ẹ fi ha ọ̀kan nínú àwọn wáyà tínínrín náà. Tí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, alumíníọ̀mù ni, á máa gé tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kò sì ní pẹ́ kó tó ṣàárẹ̀. Tó bá pupa wọnú, bàbà ni. Bàbà wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa fà á.

Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín de orí rẹ̀, ohun tí ẹ nílò ni orí RJ45 (orí oníke tó máa ń wà ní ìdí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ̀mú tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, àti ẹ̀rọ ìdánwò kékeré alápá méjì. Ẹ bó awọ wáyà náà tó ínṣì kan. Wáyà mẹ́jọ lẹ máa rí, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra. Ẹ tú wọn, ẹ fi ìka nà wọ́n kí wọ́n tọ́, kí ẹ tò wọ́n láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún báyìí: funfun tó ní ìlà ọsàn, àwọ̀ ọsàn, funfun tó ní ìlà ewé, búlúù, funfun tó ní ìlà búlúù, àwọ̀ ewé, funfun tó ní ìlà búráùn, búráùn. Ẹ rí i pé búlúù ló wà ní ìkẹrin, àwọ̀ ewé wà ní ìkẹfà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti sábà máa ń ṣì. Ẹ gé ẹnu wọn kó dọ́gba, kó ku bí ìdajì ínṣì. Ẹ di orí RJ45 mú kí ahọ́n rẹ̀ tó ń tẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ẹ ti wáyà wọlé títí ẹ fi máa rí ojú bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń dán níwájú, kí awọ òde náà sì wọlé dé abẹ́ ibi tó máa há a. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bákan náà ni kí ẹ ṣe ìdí kejì, ìtò kan náà, àwọ̀ kan náà.

Lórí ẹ̀rọ ìdánwò, iná 1 sí 8 gbọ́dọ̀ tàn tẹ̀léra lápá méjèèjì. Tí 4, 5, 7 tàbí 8 bá kọ̀ tí 1, 2, 3 àti 6 ń tàn, íntánẹ́ẹ̀tì ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n kò ní ju 100 Mbps, torí 1 Gbps nílò wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ gé orí yẹn dànù, kí ẹ de òmíràn.

Ẹni tí kò rí ọ̀nà fa wáyà rárá, kó lo ojú àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ nìkan ni dẹ́kìn ti ní ihò. Ẹ gbé ẹ̀rọ kejì sí orí tábìlì kékeré níbi tí àtẹ̀gùn parí sí lókè, kó máa wo ìsàlẹ̀, ẹ má gbé e sínú yàrá tí Wi-Fi kì í dé. Ẹ̀rọ tí kò rí Wi-Fi gbà dáadáa kò ní rí i fún yín lò. Ibikíbi tí ẹ bá sì gbé e sí, ẹ yẹra fún ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, inú wọ́dúróòbù, orí fíríísà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn irin, àti tòsí máíkírówéfù.

Bí ẹ ṣe máa tàn án

Ẹ gbé ẹ̀rọ méjèèjì wá sí pálọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kódà èyí tó máa lọ sókè. Ẹ fi wáyà kúkúrú tó wà nínú páálí so ẹ̀rọ kan mọ́ ihò LAN mọ́dẹ́ẹ̀mù, ẹ fún un níná. Ẹ gba áàpù Deco sórí fóònù, ẹ fi ímeèlì yín ṣí àkáǹtì, kí ẹ tan ohun tí áàpù bá ní kí ẹ tàn lórí fóònù, bíi Location. Tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ bá ti ń ṣẹ́jú ní búlúù, ó ti ṣetán. Áàpù á máa bi yín ní ìbéèrè. Tó bá bi yín nípa irú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yan Dynamic IP, torí mọ́dẹ́ẹ̀mù yín ló ń fún un ní nọ́ńbà.

Nígbà tó bá bi yín ní orúkọ Wi-Fi, ẹ fi orúkọ àtijọ́ àti pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ gan-an, lẹ́tà ńlá sí ńlá, kékeré sí kékeré. Gbogbo fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà ilé á dì mọ́ ọn fúnra wọn, ẹ ò ní máa lọ yàrá sí yàrá. Màmá ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun yí padà lórí fóònù wọn.

Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé tàbí funfun, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti dúró. Pupa túmọ̀ sí pé kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa mọ́dẹ́ẹ̀mù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un tàn. Ẹ fi ẹ̀rọ kejì kún un nínú áàpù, kí ẹ jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun tó bá béèrè fún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí More, Advanced, Operation Mode, kí ẹ yan Access Point. Á pa ara rẹ̀, á tún tàn, ẹ ní sùúrù fún un.

Nísinsìnyí ẹ wá gbé ẹ̀rọ kejì lọ sókè. Tí wáyà bá wà, ìdí kan á wọ ihò kejì lára ẹ̀rọ ìsàlẹ̀, ìdí kejì á wọ ẹ̀rọ òkè. Ihò èyíkéyìí ló dára. Ẹni tó lo Router dípò Access Point gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ara mesh ìsàlẹ̀ ni wáyà òkè ti jáde, kì í ṣe ara mọ́dẹ́ẹ̀mù. Ẹ wo inú áàpù: ó yẹ kó kọ ọ́ pé Ethernet ni ẹ̀rọ òkè ń lò.

Ó ku Wi-Fi mọ́dẹ́ẹ̀mù àtijọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ pa á, torí tí kò bá kú, fóònù á máa dì mọ́ ọn nígbà tí mesh tó dára jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn mọ́dẹ́ẹ̀mù kan ní bọ́tìnnì WLAN lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Fún àwọn tí kò ní, ẹ ṣí bíráúsà, ẹ tẹ 192.168.100.1 tàbí 192.168.1.1 tàbí èyí tí wọ́n kọ sí abẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù, ẹ fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ wọlé, ẹ lọ síbi WLAN, kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú Enable lórí 2.4 GHz àti 5 GHz. Ihò LAN á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ wá pe ẹnìkan lórí fídíò WhatsApp, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ìdánwò tí mo gbà gbọ́ jù nìyẹn. Lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, 2 ti di 46. Màmá pe Kánádà lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ Wẹ́sídeè ni, ọmọ wọn wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì gbé e.

Àwọn ẹ̀rọ olórí kunkun

Kámẹ́rà géètì, síkẹ́ẹ̀tì tí a ń fi fóònù tàn àti àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kan kì í gbọ́ ju 2.4 GHz lọ. Tí ọ̀kan bá kọ̀ láti wọlé, ẹ ṣí IoT Network nínú áàpù tó bá wà níbẹ̀ (Wi-Fi ọ̀tọ̀ fún irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀), ẹ fún un lórúkọ tirẹ̀, kó jẹ́ 2.4 GHz nìkan, kí ẹ fi ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀. Ẹ fi ààbò sí WPA2, torí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kì í mọ WPA3. Tí fóònù àtijọ́ kan bá ń já, ẹ wò ó bóyá Fast Roaming, ètò tó ń mú fóònù yára bọ́ láti ara ẹ̀rọ kan sí èkejì, wà ní títàn. Ẹ pa á.

Iná àti ààrá

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò wúlò tí iná bá lọ tí mọ́dẹ́ẹ̀mù wà lórí inverter tí ẹ̀rọ òkè kò sì sí lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ òkè wà lára àwọn tí inverter ń gbé. Iná tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀ rárá. Ẹni tí kò ní inverter lè ra mini UPS (bátìrì kékeré tó ń gbé ẹ̀rọ tí iná bá lọ) fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹ ka ìdí OUTPUT lára adápítọ̀ wọn kí ẹ tó lọ sọ́jà: fóòtì gbọ́dọ̀ bára mu gẹ́lẹ́, 12V sí 12V, ámpù ti UPS sì gbọ́dọ̀ tó ti adápítọ̀ tàbí kó jù ú lọ.

Ní ti bọ́ìsì kọ́tà, tó bá jẹ́ pé ojú fèrèsé wọn kọjú sí ojú fèrèsé yín, ẹ gbé ẹ̀rọ kẹta sí ojú fèrèsé tiwọn láìfa wáyà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n wò. Tó bá tó wọn lò, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tó, wáyà ni, ṣùgbọ́n kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ìta gbangba, tí awọ rẹ̀ dúdú tó sì nípọn, kí ó gba inú páìpù PVC lábẹ́ ilẹ̀. Wáyà bàbà tó bá na ara rẹ̀ láti ilé kan sí èkejì lójú òfuurufú ń pe ààrá wọlé, mo sì ti rí ibi tí ààrá ẹ̀ẹ̀kan ti jó mọ́dẹ́ẹ̀mù, mesh àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀. Kódà tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, tí òjò bá ti ń ṣú, kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ wáyà bọ́ìsì kọ́tà kúrò lára ẹ̀rọ nílé ńlá, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n yọ tiwọn náà.